Orúkọ Ẹja La Yá, A Kò Yá Òfin Rẹ̀

Orúkọ a máa rìn jìnnà ju ẹni tó ń jẹ́ ẹ lọ. Bí ẹ bá dé Bonamoussadi, àdúgbò ńlá kan nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, ẹ ó rí àwọn ìyá tó gbé ààrò èédú sí ẹ̀bá títì, tí wọ́n ń yan ẹja. Èyí tí wọ́n ń pè ní bar wà lára àwọn tó níyì jù. Wọn a fi ata àti èròjà pa á lára, wọn a sì gbé e fún oníbàárà pẹ̀lú bobolo, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pọ́n sínú ewé kí wọ́n tó sè é.

Èdè Faransé ni bar. Ẹja kan nínú òkun Yúróòpù ló ni orúkọ náà. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bass. Ṣùgbọ́n ẹja Yúróòpù kọ́ ni wọ́n ń yan ní Bonamoussadi. Ẹja tiwa ni, ẹja àpò, tí àwọn ará Èkó ń pè ní croaker nítorí ohùn tó máa ń ti inú rẹ̀ jáde bí wọ́n bá fà á sókè nínú omi. Orúkọ àlejò ni wọ́n fi pe onílé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí orúkọ náà ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà ìwọ́wé, láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá, jẹ́ àkókò tí àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fẹ́ràn gidigidi láti wá bass. Omi kò tíì tutù tán, ẹja náà sì ń súnmọ́ etíkun láti jẹun yó, kó tó wọ inú ibú lọ níbi tí yóò ti yé ẹyin. Síbẹ̀, apẹja kò lè mú èyí tó bá wù ú. Láti ọdún 2015, èyí tí kò bá gùn tó 42 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ padà sómi. 36 ni tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé abo ẹja náà kì í tètè dàgbà, wọ́n sì fẹ́ kó yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kó tó dé inú ìkòkò. Ní ọdún 2024, ẹja méjì péré lóòjọ́ ni òfin fún ẹni tó ń fi ìwọ̀ ṣe fàájì, kò sì gbọdọ̀ mú ìkankan lọ sílé ní oṣù kejì àti ìkẹta.

Ní Douala, ewé kì í wọ́. Òjò tó ju 3,000 mìlímítà lọ ló ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún, oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ló sì máa ń dín kù. Àsìkò yẹn ni mo wà ní Bonamoussadi. Bar tí mo bá lórí ààrò kan kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo ní, “Màmá, ṣé kò sí èyí tó tóbi jù báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Asso,” bí ọlọ́jà àti oníbàárà ṣe ń pe ara wọn níbẹ̀, “bí mo bá ní n kò ra kékeré, kí ni mo máa tà?”

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Youpwè lọ, níbi tí àwọn ọkọ̀ apẹja ti ń gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀ pọ̀ lára àwọn apẹja etíkun ilẹ̀ náà. Mo kí bàbá kan tó jẹ́ ará Ìlàjẹ, mo sì béèrè ọ̀rọ̀ àwọn ẹja kékeré. Ó ní, “Àbúrò, nígbà tí mo dé ibí, ìka mẹ́ta ń wọ ojú àwọ̀n wa. Lónìí, ìka kan ni. A mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ ojú àwọ̀n, àwọn ọkọ̀ ńlá ni yóò kó èyí tí a fi sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni kókó. Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1992 kò gba ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun láàyè láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun. Ojú tó ń ṣọ́ òfin ni kò tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ ẹja Kamẹrúùnù lọ́jà wọn, wọ́n ní ìjọba ibẹ̀ kò bójú tó àwọn ọkọ̀ apẹja tó ń ta àsíá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ará Douala kì í ṣe ẹni tí kò mọ iyì omi. Ẹja edé ni àwọn Potogí rí nínú odò Wouri tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ibẹ̀ ni orúkọ Kamẹrúùnù ti wá. Ní òpin ọdún, àwọn Sawa ń ṣe ọdún Ngondo létí odò náà; òmùwẹ̀ a wọ inú omi lọ gba iṣẹ́ tí àwọn ẹbọra omi rán. Ọdún 2024 ni UNESCO fi ọdún náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bi omi léèrè ọ̀rọ̀ kò yẹ kó máa kó ọmọ rẹ̀ jẹ.

Èmi kò ní kí ìyá tó ń yan ẹja pa ààrò rẹ̀, n kò sì ní kí bàbá Ìlàjẹ nìkan ru ẹrù yìí. Kí ìjọba kọ́kọ́ lé àwọn ọkọ̀ ńlá jìnnà sí etíkun, ní Èkó àti ní Douala. Lẹ́yìn náà ni ẹnu tó lè sọ fún apẹja kékeré pé kó fẹ ojú àwọ̀n rẹ̀. Kí àwa tí à ń jẹ ẹ́ náà yé yìn ín nígbà tó bá kéré. Ajẹyin kò mọ̀ pé ìdí ń ro adìyẹ, àmọ́ ẹni tó jẹ ẹyin tó sì pa adìyẹ pọ̀ mọ́ ọn kò ní í rí ìkankan jẹ lọ́la. Bí a bá kọ̀ tí a kò ṣọ́ àpò wa bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ bass tiwọn, ọjọ́ ń bọ̀ tí orúkọ nìkan ni yóò ṣẹ́kù fún wa.