CAMP PERRY: NÍBI TÍ ÌBỌN TÓ FÚN JÙ TI Ń DÓJÚ TI OLÓWÓ RẸ̀

Ẹ fojú inú wò ó ná. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, oòrùn oṣù keje ti ń ta ni lára, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wá láti orí omi. Èèyàn tò rẹrẹ sórí ìlà kan bí ẹni tò sídìí ẹ̀rọ omi, tọkùnrin tobìnrin. Kálukú na ọwọ́ kan ṣoṣo síwájú, ìbọn ìléwọ́ wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ kejì wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹni tó ń fi gbohùngbohùn pàṣẹ ti sọ̀rọ̀ tán, gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Lójijì, àwọn ìwé àmì yí ojú padà sí wọn, ó di gbà! gbà! gbà! Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni wọ́n ní láti yin ọta 5.

Àfi bí ìbọn ẹnì kan ṣe dákẹ́ lẹ́yìn ọta kejì. Ó fa tírígà, kò dún. Ó wò ó, kòròfo ọta tó yẹ kó ti fò jáde ló há síbẹ̀, tó nàró ṣánṣán. Àwọn Amẹ́ríkà a máa pe irú rẹ̀ ní ọ̀pá èéfín sítóòfù. Owó mọ́tò ti lọ, owó ọta ti lọ, ìdánrawò ọdún kan gbáko sì fẹ́ bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ṣé ìbọn àlòkù ni? Rárá o! Ìbọn olówó ńlá ni, èyí tí àgbà oníṣẹ́ ti fi fáìlì fá, tó ti fún un pinpin. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

ÌLÚ ẸJA, PÁPÁ ÌBỌN

Camp Perry ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ló wà, létí adágún ńlá tó ń jẹ́ Erie, nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Port Clinton. Ẹni tó bá dúró létí adágún yìí nígbà àkọ́kọ́ á ní òkun ni, nítorí omi náà lọ salalu. Ìlú apẹja ni Port Clinton. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní walleye ló sọ wọ́n di olókìkí, débi pé lóru ọjọ́ tí ọdún bá ń parí, ẹja àtọwọ́dá ràgàjì kan ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè láàárín ìlú, tí èrò á máa hó yèè. Tí ìgbà ooru bá ń wọlé, kòkòrò kan a máa tú jáde láti inú adágún náà bí èsúnsún lẹ́yìn òjò, tí yóò bo iná títì àti ara ògiri.

Orúkọ ọ̀gágun ojú omi kan, Oliver Hazard Perry, ni wọ́n fi sọ àgọ́ náà. Òun ló ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí adágún Erie ní 1813. Sea Girt ní New Jersey ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìbọn ńlá ti gbogbo Amẹ́ríkà ní 1903, ṣùgbọ́n ní 1907 wọ́n gbé e wá sí Camp Perry, ibẹ̀ ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Jámánì àti Ítálì tí wọ́n mú nígbèkùn ni wọ́n kó sínú àgọ́ yìí. Lónìí, àwọn sójà ìpínlẹ̀ Ohio ló ń tọ́jú ilẹ̀ náà, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Civilian Marksmanship Program ló sì ń darí ìdíje tó ń wáyé níbẹ̀ ní ìgbà ooru.

Ẹni tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn láti orí pápá, ilé ńlá kan tó dà bí odó tí wọ́n gbé nàró ni yóò rí lókèèrè. Ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Davis-Besse ni, oruku omi funfun a sì máa rú jáde lórí rẹ̀. Àwọn ayìnbọn kì í fojú kékeré wo oruku náà o. Ibi tó bá tẹ̀ sí ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, afẹ́fẹ́ Erie kò sì mojú ẹnì kankan. Ó lè gbá ọwọ́ tí ẹ nà síwájú bí ẹni gbá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

ERÉ TÍ KÒ GBA ÀṢÌṢE

Eré ọ̀hún rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ìwé àmì àkọ́kọ́ wà ní 50 yáàdì. Ojú tó ń gba máàkì 10 lórí rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 3 àti díẹ̀, bí ẹnu kọ́ọ̀pù tíì. Ọta 10 ni èèyàn á yìn síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sún mọ́ 25 yáàdì: ọta 5 nínú ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́yìn náà ọta 5 nínú ìṣẹ́jú àáyá 10. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń yìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú odindi ìdíje, oríṣi ìbọn 3 ni wọ́n ń lò, ọta 270 ni wọ́n ń yìn, máàkì 2700 sì ni gbogbo rẹ̀. Ní 1974, sójà kan tó ń jẹ́ Hershel Anderson gba 2680. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: máàkì 20 péré ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọta 270! Ṣé ẹ wá rí i pé ọta kan tó há lè jẹ èrè ọdún kan?

ỌMỌ ALÁGBẸ̀DẸ LÓ ṢE É

Ìbọn tó gbajúmọ̀ jù nínú eré yìí láti ìgbà pípẹ́ ni ti sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 1911. John Moses Browning ló ṣe é. Ọmọ oníṣẹ́ ìbọn ni Browning, ìlú Ogden ní Utah ni wọ́n bí i sí ní 1855, inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àwọn sójà ń dán ìbọn náà wò ní 1911, wọ́n yìn ín ní ìgbà 6000, kò há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbà á lọ́dún yẹn, ó sì wà lọ́wọ́ wọn títí di 1985 tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ikú máa pa Browning ní 1926, ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní Liège, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló bá a. Oníṣẹ́ tó kú sídìí iṣẹ́ ni.

Kí ló dé tí ìbọn náà kò fi há? Àṣírí ibẹ̀ ni pé ó dẹ̀. Àwọn irin inú rẹ̀ kò fún ara wọn pa. Tí iyanrìn bá wọ̀ ọ́, tí ẹrẹ̀ bá kàn án, irin òkè á ṣì máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Sójà tó wà lójú ogun kò bèèrè ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ̀ kì í padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọta kan á lọ sápá ọ̀tún, èkejì á lọ sápá òsì. Lójú ogun, kò sí wàhálà. Lójú àmì tó tó ẹnu kọ́ọ̀pù ní 50 yáàdì, wàhálà dé!

ÀWỌN ỌLỌ́WỌ́ OLÓÒGÙN

Báyìí ni iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìbọn ìdíje ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rọra fi òòlù lu ojú irin tí èkejì ń yọ̀ lórí rẹ̀ kó lè fún, wọ́n á fi fáìlì há a, wọ́n á wá lo irin méjèèjì mọ́ra wọn títí wọn yóò fi máa lọ bí ẹní fi òróró pa á. Wọ́n á pààrọ̀ òrùka tó di ẹnu ọ̀pá ìbọn mú. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á de ìbọn náà mọ́ irin ìdánwò kan, èyí tí kò ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n, wọ́n á sì yìn ín síwé láti mọ bóyá ìbọn ló jẹ̀bi tàbí ẹni tó mú un lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan tírígà. Ó gbọ́dọ̀ já fínnífínní bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná, ṣùgbọ́n òfin ní kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lára ìbọn irú ti sójà, ìwọ̀n pọ́n-ùn 4 ni kò gbọdọ̀ dín sí. Àwọn adájọ́ á fi tírígà gbé òṣùwọ̀n sókè lójú gbogbo ayé. Tí ó bá já kí òṣùwọ̀n tó kúrò nílẹ̀, ìbọn náà ò yege. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ mọ wàhálà òṣùwọ̀n èké, ẹ rí i pé kò sí màgòmágó níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ni Jim Clark, ará Louisiana. Òun fúnra rẹ̀ ń tún ìbọn ṣe, òun fúnra rẹ̀ sì ń yìn ín. Ní 1958 ló gba ipò kìíní ìbọn ìléwọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn sójà náà ní tiwọn: ẹ̀ka kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956 ní Fort Benning, ní Georgia, ní àwọn oníṣẹ́ tó jẹ́ pé títún ìbọn ìdíje ṣe ni iṣẹ́ wọn. Tí ìdíje bá dé, òpópónà kan nínú Camp Perry a di ọjà: ọta, irin wẹ́wẹ́, òróró ìbọn, tábìlì àwọn tó ń tún un ṣe. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ láàárọ̀, ibẹ̀ ni yóò sáré lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré ọkùnrin nìkan ni. Ní Olympics Los Angeles ti 1984, obìnrin méjì ló gba máàkì kan náà nínú ìbọn ìléwọ́ ti àwọn obìnrin: Ruby Fox ará Amẹ́ríkà àti Linda Thom ará Kánádà. Wọ́n ní kí wọ́n tún un yìn, Thom ló gba wúrà. Iṣẹ́ wo ni Thom kọ́? Iṣẹ́ oúnjẹ sísè! Ó lọ kọ́ ọ ní Paris, ó sì dá ilé ìkọ́ni oúnjẹ sílẹ̀ nílùú Ottawa. Ọwọ́ tó ń ro ọbẹ̀ náà ló yìnbọn gba wúrà.

ÌKA TÓ ṢẸ̀ LỌBA Ń GÉ

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tí ìbọn rẹ̀ há. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọdé oníṣẹ́ á sáré mú fáìlì. Àgbà oníṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kìíní: ṣé àpò ọta kan náà ló máa ń há? Tí ẹnu àpò náà bá ti tẹ̀ díẹ̀, kò ní gbé ọta sókè bó ṣe yẹ. Owó tíńtín ni wọ́n fi ń ra òmíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára àpò ọta wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tó ṣẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé.

Ìbéèrè kejì: irú ọta wo ni? Ọta sójà rí róbótó lórí, ó ń yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ọta ìdíje orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí kó lè lu ìwé ní ihò mímọ́ tí adájọ́ á rí kà. Ṣùgbọ́n etí orí tó tẹ́ yẹn a máa kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọta ìdíje tún fúyẹ́, agbára rẹ̀ kéré. Tí sípíríǹgì inú ìbọn bá ṣì jẹ́ èyí tó le bíi ti sójà, ọta náà kò ní lágbára láti ti irin òkè dé ẹ̀yìn. Irin á padà kí kòròfo tó jáde. Ọ̀pá èéfín dé nìyẹn!

Ìbéèrè kẹta: èékánná irin kékeré tó ń fa kòròfo jáde ńkọ́? Ṣé ó ti dẹ̀, àbí ìdọ̀tí ti dí i? Ìbéèrè kẹrin ló ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn: ọwọ́ rẹ ńkọ́? Tí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ìbọn á bá ọwọ́ lọ sẹ́yìn, irin òkè ò ní rí ohun tó máa fẹ̀yìn tì. Ìbọn kò jẹ̀bi rárá.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó kan pé bóyá wọ́n ti fún ìbọn náà jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Aṣọ tí télọ̀ rán tó fún jù, ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ jókòó níbi ìnáwó ló máa ya. Ìbọn tó fún pinpin á lu ojú kan náà lórí irin ìdánwò, ṣùgbọ́n eruku díẹ̀ péré, ooru díẹ̀ péré, ó ti kọṣẹ́. Òfin àwọn àgbà ni pé ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀, tí ìbọn sì yá, kò mọ ohun tó wò ó sàn.

ỌWỌ́ ÒSÌ SÓKÈ

Ẹ má rò pé ọkùnrin náà ti tán o. Òfin ṣàánú rẹ̀. Tí ìbọn bá há, kò gbọdọ̀ yí i sẹ́yìn láti fi han ọ̀rẹ́. Ẹnu ìbọn á ṣì kọjú síbi àmì, á na ọwọ́ tí kò fi yìnbọn sókè, á sì dúró de adájọ́. Tí adájọ́ bá rí i pé ìbọn ló há lóòótọ́, ó lè gbà á láyè láti tún un yìn. Tí ó bá jẹ́ pé òun ló gbàgbé láti kó ọta sínú àpò, kó fọwọ́ lérán.

Á tún dúró. Gbogbo pápá á máa wò ó. Á fa àpò ọta tó ń fura sí sọnù sínú àpótí, á mú òmíràn. Afẹ́fẹ́ Erie á fẹ́ lu apá rẹ̀. Ìwé àmì á yí ojú sí i, ìṣẹ́jú àáyá 10 á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin káfíńtà, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Kò sẹ́ni tí kò lè fún nǹkan le. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó dúró lọ̀gá.