Láti Òkákà dé Ìbàdàn Nítorí Mọ́tò Kékeré

Òkákà, ní Òkè-Ògùn, ni mo wà. Mọ́tò tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ o! Servo ni, tí ń yí apá ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fi páálí ṣe apá kan, wọ́n sì fi owó oúnjẹ wọn dá servo rà. Ọjọ́ kejì, eyín ike inú rẹ̀ ti ká. Ojú tì mí, nítorí èmi ni mo rà á.

Ni mo bá tún wọkọ̀. Nígbà tí a ń la Ìṣẹ́yìn kọjá, ìlú aláṣọ òfì, mo rántí pé ahunṣọ kì í ra òwú láìfà á wò. Èé ṣe tí èmi kò yí mọ́tò wò?

Ní Ìbàdàn, mo mú bátìrì àti ohun ìdánwò lọ́wọ́. Èyí tó ń gbọ̀n, tàbí tí kò padà sójú kan náà, n kò gbà á. Ẹ wo agbára rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó lè gbé kílò 1.8 ní sẹ̀ntímítà 1, gíráàmù 180 péré ni yóò gbé bí apá bá gùn tó sẹ̀ntímítà 10. Fún ẹrù, eléyín irin ló sàn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Lónìí, apá páálí náà ń gbé ẹfun ìkọ̀wé fún mi, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́.