Èèpo Tòmátì àti Ọ̀rá Tó Ń Jẹrà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú àwọn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ike tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń sọ nù. Ọ̀rá tó ń jẹrà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò bí arọ́pò, bí ẹni pé ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti tó. Ó dá mi lójú pé ilẹ̀ lè jẹ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá dà á sí ló ń pinnu bóyá yóò jẹ ẹ́, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọjà Mile 12, tí pàǹtírí rẹ̀ kún fún ata àti tòmátì, ló yẹ kó kọ́kọ́ lò ó.

Ẹ wo tòmátì tó rà ní ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Omi rẹ̀ ti ṣàn sí gọ́tà, inú rẹ̀ ti rọ̀, síbẹ̀ èèpo fẹ́lẹ́ náà ṣì ń dán. Kútíìnì ló bo èèpo yẹn, políẹ́sítà tí ewéko fúnra rẹ̀ ń ṣe sì ni: ẹ̀wọ̀n gígùn tí omi àti ẹ́ńsáìmù lè gé ní oríkèé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ilẹ̀ ti mọ ọ̀nà àtigé e. Fusarium, ìran olú kan tó ń ba irè oko jẹ́, máa ń tu ẹ́ńsáìmù sára èèpo kó lè ráyè wọlé. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Japan rí irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ nínú ewé tó ti di ajílẹ̀, ó sì gé políẹ́sítà tí a fi ń ṣe ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. PBAT, tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ọ̀rá tó ń jẹrà, ní irú oríkèé kan náà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tóbi ju ohun tí bakitéríà lè gbé mì, nítorí náà ìta ni wọ́n ti ń gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fà á sínú. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rá lásán àti ti píọ̀ wọ́tà: kábọ́ọ̀nù ló so mọ́ kábọ́ọ̀nù níbẹ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí kò sì rí ibi gé.

Àwọn kan á ní fífọ́ lásán ni ọ̀rá tó ń jẹrà ń fọ́, pé eruku rẹ̀ á wà nínú ilẹ̀ tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́ nípa ọ̀rá tí wọ́n fi kẹ́míkà sí kó lè fọ́ kíá, èyí tí European Union fòfin dè ní 2019. Ti PBAT yàtọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Zurich sàmì sí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, wọ́n fi í sínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì rí lára kábọ́ọ̀nù náà nínú carbon dioxide tó jáde àti nínú ara àwọn olú tó ta okùn bò ó. Ohun tó ti di ara ohun ẹlẹ́mìí ti kúrò ní eruku ike.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2019 ló nira jù láti dá lóhùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀, ọ̀rá kan tí wọ́n pè ní ajẹrà ṣì lè gbé ẹrù; èyí tí wọ́n ṣe fún ajílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn oṣù 27, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ooru bíi 58°C ni wọ́n fi ń dán ọ̀rá ajílẹ̀ wò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Òkìtì ata àti tòmátì rírà tí a bá ń yí dáadáa lè mú irú ooru yẹn jáde fúnra rẹ̀. Ààtàn Olúṣosùn ní Ọ̀jọ́tà, níbi tí ìdọ̀tí ti ń tẹ ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ láìrí afẹ́fẹ́, kò lè jẹ ọ̀rá náà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rá náà bá sì bá gọ́tà wọ Odò Ògùn, yóò ti dí omi lọ́nà kí olú kankan tó fọwọ́ kàn án.

Ẹlòmíràn á bi mí pé kí ló dé tí a kò padà sí ewé. Níbi tí ewé bá ti ṣiṣẹ́, ewé ni kí a lò. Ewé kò lè gba tòmátì tó ti di omi, iṣẹ́ tí mo sì ń wá ọ̀rá yìí fún gan-an nìyẹn: kí alátẹ da ohun tó rà sínú rẹ̀, kó so ó, kí gbogbo rẹ̀ jọ wọ òkìtì ajílẹ̀ láìsí pé ẹnì kan tún ń ṣa ọ̀rá kúrò. Ó wọ́n ju ọ̀rá lásán lọ, kò sì yẹ kí ìyá aláta nìkan ru owó yẹn. Àwọn tó ń gba owó ìdọ̀tí lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó fún un ní ọ̀rá náà, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ ọ̀tọ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀.