Ọmọ Tí Ó Dàgbà Ju Ẹ̀yìn Ìyá Rẹ̀ Lọ

Bí ìyá ọlọ́mọ bá pọn ọmọ kọjá ní Pápá Àjàó, ní Múṣín, kò sí ẹni tí í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹ̀yìn náà bá ti tó ọmọ ọdún méje, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le bí igi, tí orí rẹ̀ sì ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn èrò ọ̀nà a dúró, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òmíràn a ní iṣẹ́ ayé ni. Òmíràn a ní ìyá ni ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún. Ìyá náà a gbọ́, kò sì ní dáhùn, nítorí pé ọjọ́ ilé-ìwòsàn ni ọjọ́ náà, Ìdí-Àràbà kò sì jìnnà, bí ẹ̀yìn bá lè gbé ọmọ débẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀sán gangan ni ó mú ọmọ náà. Cerebral palsy ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn rẹ̀. William John Little, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó fi yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1861 pé ìnira tí ọmọ rí nígbà ìbí lè sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di líle. Ọpọlọ ni ó farapa, kì í ṣe ẹsẹ̀. Kì í sì í ràn. Ní ilẹ̀ wa, ó wọ́pọ̀ lára ọmọ tí kò tètè mí nígbà tí a bí i, àti ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú mú tí a kò tètè gbé lọ sí ilé-ìwòsàn. Káńfọ̀ tí àwọn ìyá ń kó sáàárín aṣọ ọmọ, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, a máa dá irú ibà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Ta ni ìbá fura sí i?

Ohun tí ó bàjẹ́ nínú ọpọlọ kò ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n ara ṣe é kọ́. Àwọn tí ń tọ́jú iṣan ní ilé-ìwòsàn a na apá àti ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọn a sì kọ́ ìyá bí yóò ti máa ṣe é nílé. Pípọ̀n pàápàá dára fún ẹsẹ̀ tí í máa lọ́ mọ́ ara wọn, nítorí ó ń là wọ́n. Oúnjẹ ni ó le jù. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni ó mọ rírọ ọmọ: a tẹ́ ẹ sórí itan, a fi àtẹ́lẹwọ́ ká ẹnu rẹ̀, a sì da ẹ̀kọ sí i lọ́fun. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ni ikú sì ti ń wọlé. Jíjókòó ni ó gbọ́dọ̀ jẹun, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀.

Nítorí èyí ni káfíńtà àdúgbò fi kan àga kan fún un, tí ó ní apá, tí ó sì ní ìgbànú láyà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jókòó níwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo oníbàárà tí ó jẹ gbèsè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kọjá, a bú sẹ́rìn-ín, a sì na ọwọ́ sí i.

Ìrànlọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ilé Modupe Cole wà ní Akọka fún àwọn ọmọ aláìlera. Ní ọdún 2013, Femi Gbadebo, ọ̀gá ológun òfuurufú tí ó ti fẹ̀yìntì, àti aya rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Benola sílẹ̀ nítorí ohun tí ojú wọn rí lórí ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń pọ̀n yóò di géńdé, ẹni tí ń gbé e yóò sì máa darúgbó. Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́ nígbà náà? Èyí ni ìyá náà ń rò lóru, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn èrò ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Àìkú, bí àbúrò rẹ̀ bá wá kí i, a gbé abọ́ àti ṣíbí kékeré lé e lọ́wọ́. A ní, “Jókòó síwájú rẹ̀. Má kánjú, jẹ́ kí ó gbé ti àkọ́kọ́ mì ná.”