Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Godomey

Nígbàkúùgbà tí mo bá wálé, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí lẹ́yìn Máàsì: irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe ní Kútọnu, báwo sì ni ọmọ Ìlaròó ṣe ń jẹun láàárín àwọn tó ń sọ Faransé? Mo ní kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìwé ìjọ wa yìí, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ kan gbogbo ilé tí ọmọ wà.

Godomey ni mò ń gbé, kì í ṣe inú Kútọnu gan-an. Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Èkó, tó la Kútọnu já síhà ìwọ̀-oòrùn, yóò dé oríta ńlá kan tí wọ́n ṣe afárá sí. Ọ̀nà kan níbẹ̀ ń lọ sí Ouidah àti ilẹ̀ Tógò, èkejì gba Calavi lọ sí Bohicon àti apá àríwá. Oríta yẹn ni Godomey. Abẹ́ Abomey-Calavi ló wà, ṣùgbọ́n ilé ti kún tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò lè mọ ibi tí Kútọnu parí sí. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2013, àwọn ará Godomey nìkan lé ní 250,000. Yanrìn ni ọ̀nà ọ̀pọ̀ àdúgbò. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ọwọ́ ni a fi ń gbé bàtà lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ọjọ́ tí mo dé, ní ọdún 2018, onílé mi tó jẹ́ Fọ̀n jáde sí mi, ó ní, “Kúabọ̀.” Inú mi dùn! Mo rò pé Yorùbá ló ń sọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí kí ìyá náà lọ ràì, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè ọjà. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ọ̀rọ̀ kan yẹn ni a jọ ní, ibẹ̀ náà ni ó parí sí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè mí ní Anagonu, orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá.

Kí aago méje tó lù ni mo máa ń gun zémidjan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Zémidjan ni ọ̀kadà tiwọn; wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni “gbé mi kíákíá,” àwọn tó ń gùn ún kò sì jẹ́ kí orúkọ náà di irọ́. Aṣọ kákí ni àwọn ọmọ ń wọ̀. A ó kọ́ wọn títí di aago méjìlá, nígbà náà ni oníkálukú yóò lọ sílé lọ jẹun kí ó sì rọ orí lélẹ̀ díẹ̀. Aago mẹ́ta ni a tún ń padà, títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú. Ogún ni máàkì tó pé pérépéré, mẹ́wàá ni ti ẹni tó yege. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò fún wọn, mo fún àwọn kan ní 18, mo fún àwọn mìíràn ní 19. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n béèrè bóyá áńgẹ́lì ni mò ń kọ́. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tó bá gba 14 ti ṣe bẹbẹ.

Iye wákàtí tí mo bá fi kọ́ni ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún mi. Bí ìsinmi bá dé, owó náà sinmi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní kíláàsì tí mo ń kọ́, àwọn ọmọ lé ní 60. Wọ́n mọ òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé ju bí mo ti rò lọ, nítorí pé orí ìwé ni wọ́n ti ń dán wọn wò nínú ìdánwò BEPC tí wọ́n ń ṣe ní ìparí ọdún kẹrin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ọ̀kan dìde kí ó kí mi lásán, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá gbìyànjú, kí ó tó sọ̀rọ̀ mẹ́ta, àwọn tó kù á ti rẹ́rìn-ín. Yóò jókòó, kò sì ní dìde mọ́ títí ọdún yóò fi parí. Mo bínú sí wọn, mo pariwo, mo fi ìyà jẹ wọ́n. Kò yí nǹkan kan padà.

Ẹ̀rín ló ṣí mi lójú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn olùkọ́ bu oúnjẹ fún mi, mo jẹ àkàsà àti ẹja títí. Wọ́n ní kí n tún bù sí i. Mo fẹ́ sọ pé mo ti yó, mo ní, “Je suis pleine.” Ilé dàrú! Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí pé nǹkan kún, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti màlúù tó lóyún ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Wọ́n kò ní nǹkan ibi lọ́kàn, síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì n kò la ẹnu sọ Faransé mọ́ níwájú wọn. Bí mo bá fẹ́ omi, máa nawọ́ sí i bí odi. Èmi, àgbàlagbà, olùkọ́! Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ kíláàsì mi. Èdè náà kò le jù fún wọn. Ìtìjú ló dí wọn lẹ́nu.

Mo bá wọn dá májẹ̀mú. Láràárọ̀, èmi yóò kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan, àwọn yóò tún un ṣe fún mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì, èmi yóò sì tún un ṣe. Ẹ̀rín kò tán, ṣùgbọ́n ó ti di ẹ̀rín tí a jọ ń rín. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn ọmọ tí n kò mọ ohùn wọn rí ti ń nawọ́ sókè.

Ibi tí mo ti ń yọ̀ ni wàhálà ti dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè mọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ tó ń ta ìrẹsì sí Nàìjíríà jókòó ti àpò ìrẹsì wọn. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi wà lára wọn. Ó mú ìwé ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó ní Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni mò ń kọ́ wọn, òun kò sì sanwó fún ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù ni òun fẹ́. Wọn kò lé mi. Wọ́n kàn dín wákàtí mi kù láti 18 sí 10 lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ ìṣirò, ẹ bá mi ṣírò ohun tó kù fún oúnjẹ àti owó ilé. Mo di ẹrù mi sínú àpò méjì.

Ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ló rí ojú mi. Ará Pobè ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé Pobè kò jìnnà sí Ìlaròó, Yorùbá kan náà ni a jọ ń sọ, bí ohùn tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ pín ilẹ̀ wa. Ìlaròó bọ́ sọ́wọ́ ti ibí, Kétu, Sákétẹ́ àti Pobè bọ́ sọ́wọ́ ti ọ̀hún.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi, ìtìjú ló ń bá bàbá yẹn jà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń bá àwọn ará Èkó nájà láti ọjọ́ yìí. Ṣé o rò pé wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́?”

Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin náà ha mọ̀ ọ́n?”

Ó ní, “N kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ìtìjú. Ọmọ ọmọ mi wà ní kíláàsì rẹ. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kì í sì í dá mi lóhùn ní Yorùbá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ ló fi ohùn rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ ọdún kan, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pa ẹnu mọ́.”

N kò mọ̀ rí pé ọmọ Yorùbá ni ọmọ náà. Mo tú ẹrù mi.

Ọdún yẹn kò rọrùn. Àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, a ti ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo sì kọ́ àwọn ọmọ kan nínú ilé wọn kí n tó rí oúnjẹ jẹ. Ọdún kejì ni olùkọ́ kan lọ, wọ́n sì dá wákàtí mi padà. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn kan yege, àwọn kan kò yege. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ṣí ẹnubodè. Bàbá onírẹsì kò wá bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tó wá mú ọmọ rẹ̀, ó dúró níwájú mi, ó gbọ́n òógùn ojú rẹ̀ nù, ó sì kí mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kí mi ní “ẹ káàárọ̀” ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. N kò rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ojú ọmọbìnrin rẹ̀ sì tàn.

Ní ti ọmọ ọmọ alákàrà, mo bá a ṣe májẹ̀mú kejì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tó yá, ó dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ìyá, ẹ fún mi ní àkàrà.” Ohùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ìyá àgbà kò sọ nǹkan kan. Ó ka àkàrà sínú ìwé, kò sì dá iye tó ń kà mọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ilé tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọmọ ń gbọ́ Yorùbá tí kì í sọ ọ́. A máa ń ní ọmọ ayé òde òní ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ọjọ́ tó gbìyànjú tí a sì rẹ́rìn-ín, tí a pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti wá gbọ́ bí ó ṣe pe ọ̀rọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; ilé náà ni a ti ń kó ìtìjú ròde. Bí ọmọ bá ṣì í pè, ẹ tún un pè fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà tún tiyín ṣe ní ibi tí ó ti mọ̀ jù yín lọ.

Bí ẹ bá gba Godomey kọjá, ẹ béèrè Anagonu tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ tó wọlé, ẹ ké “Àgò!” Wọ́n gbọ́ ìyẹn náà níbẹ̀.