Kí A Kà Á, Kí A sì Gbọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá ń lò fún owó àti fún ìwé: a ń ka owó, a ń ka ìwé. Nígbà tí ó bá wá kan èdè, ‘gbọ́’ ni a ń lò: a ní lágbájá gbọ́ Faransé, tàmẹ̀dù kò gbọ́ Haúsá. Ẹni tí ó ń ka owó-ẹyọ lè kà á tán kí ó má mọ ohun tí wọn yóò fi rà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí iye rẹ̀ ṣáà pé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé irú kíkà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Yunifásítì ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kà á pé, wọn kò gbọ́ ọ. Èdè Yorùbá ni àwọn ènìyàn sì ń dá lẹ́bi ọ̀ràn náà. Ẹjọ́ yìí ni mo fẹ́ tún gbé yẹ̀ wò, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n mú.

Òrò ni ọ̀ràn náà ti yé mi jù. Ojú ọ̀nà tí ó ti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀mù-Àrán ni ìlú náà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, láàárín àwọn Ìgbómìnà. Ọmọ ibẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó kàwé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Ìpínlẹ̀ Kwara ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà nínú ìlú gan-an, Yunifásítì Landmark ti wà ní Ọ̀mù-Àrán láti ọdún 2011, ti Ìlọrin ti wà láti 1975, ti Ìpínlẹ̀ Kwara sì ti wà ní Màlété láti 2009. Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ tí ó wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítòsí àti lókèèrè, a máa kó ìwé wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Wọn kì í wá kọ́ Yorùbá o. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé wọn ni wọ́n ń gbé wá, èrò wọn sì ni pé ẹni tí ó bá ti gboyè ọ̀mọ̀wé, kò sí ìwé tí kò lè tú.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ a máa pe Gẹ̀ẹ́sì ní èdè kejì fún irú àwọn ọmọ báyìí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà ni ìyá àgbà fi ń bá ọmọ wí nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ọmọ náà ń gbọ́ lórí rédíò, òun náà ni ó wà nínú Bíbélì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, yóò ti gbé wàláà lọ sí ilé-kéwú kí ó tó mọ A, B, D. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni Gẹ̀ẹ́sì dé. Ó dé bí àlejò, ó sì gba yàrá onílé.

Ilé-kéwú tí mo dárúkọ yìí ní ẹ̀kọ́ nínú fún wa. Ọmọ lè ka Àlùkùránì já láìmọ ìtúmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àáfà kì í tan ara rẹ̀ jẹ. Ó mọ̀ pé kíkà ni ọmọ kà. Ìtúmọ̀ ṣì ń bẹ níwájú, ìpele ọ̀tọ̀ ni, ó sì ní àkókò tirẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ pa ẹran, tí wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún ọmọ náà, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ibi tí ó dé. Nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a ti pa ìpele méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí ó bá ti lè kà á sókè kí ó dùn létí, a gbà pé ó ti gbọ́ ọ nìyẹn, àtẹ́wọ́ ni a sì fi ń sìn ín láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì.

Ọmọbìnrin kan wà tí ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ó wà ní ọdún kejì nígbà náà, ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni, a sì máa kàwé di ọ̀gànjọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò ní kí òun fi Yunifásítì sílẹ̀. Bí ó bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rò pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni. Ó ka abala kan fún mi nípa irúgbìn àgbàdo tuntun tí wọ́n kó fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí ó kà á tán, mo ní kí ó pa ìwé náà dé, kí ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n tún un kà?’ Mo ní rárá. Ó wá sọ pé ìwé náà ní díẹ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ gba irúgbìn náà, nítorí náà ètò náà yọrí sí rere. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ìwé náà sọ.

‘Few’ ni ó wà nínú ìwé. ‘A few’ ni ọmọbìnrin náà mú níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Bí lẹ́tà náà bá wà níbẹ̀, òǹkọ̀wé ń sọ pé a rí díẹ̀, ó sàn ju àìrí rárá lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ń sọ pé wọn kò tó nǹkan, ó ń ráhùn ni. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà ojú ọmọ Yorùbá a máa fò ó. Ibi tí àwọn tí ó ń dá Yorùbá lẹ́bi máa ń dúró sí nìyí. Wọn a ní, ‘Ẹ ò rí i? Èdè yín ni ó dí i lọ́wọ́.’

Èmi kò dúró síbẹ̀. Mo bi ọmọ náà bóyá ó mọ òwe tí ó sọ pé ṣàṣà ènìyàn ní í fẹ́ ni lẹ́yìn bí a kò sí nílé. Ó ní òun ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá àgbà. Mo ní, kí ni ṣàṣà? Ó rò pé irú ènìyàn kan ni. Bẹ́ẹ̀ ṣàṣà yìí gan-an ni ‘few’ tí ó gbé e ṣubú: ṣàṣà ni àgbẹ̀ tí ó gba irúgbìn náà. Ìyàtọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi lẹ́tà kan ṣe, odidi ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá fi ṣe é, díẹ̀ lọ́tọ̀, ṣàṣà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ ìyàtọ̀ náà ní èdè tirẹ̀, ó di dandan kí ó máa wá a bí ó bá dé inú èdè mìíràn. Yorùbá tí ọmọ náà ní ni kò tó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ ní kékeré kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá, nílé sì rèé, ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ni ó fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó dàgbà sí àárín èdè méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kanlẹ̀ nínú èyíkéyìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wà nínú wọn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bákan náà ni ‘ship’ àti ‘sheep’ ń dún lẹ́nu rẹ̀, nítorí ‘i’ kan ṣoṣo ni Yorùbá fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kàwé, bí ẹni tí ó ń ṣa èso. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ìwé kíkà nínú ilé kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí ó bá dé ibi tí ‘unless’ wà, a ní, ‘àfi bí.’ Bí ó bá dé ibi tí ‘hardly’ wà, a ní, ‘agbára káká.’ Lọ́jọ́ kan ó ń ka ìtàn kan, wọ́n dárúkọ ‘brother’ ẹnìkan nínú rẹ̀, ó dá ìwé dúró, ó ní, ‘Sà, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò?’ Ìwé náà kò sọ, nítorí ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo ni Gẹ̀ẹ́sì kà sí níbẹ̀, kò ka ti àgbà àti ọmọdé sí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi ju kíkà gaara lọ, ó fi hàn pé ènìyàn ni ó ń wá nínú ìwé.

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ méjì kò tó ẹ̀rí, òtítọ́ sì ni. Ẹ̀rí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe ìrànlọ́wọ́ owó. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe é nígbà náà ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta yòókù. Ti Ifẹ̀ yàtọ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò gbẹ́yìn, wọ́n sì ní láti kọ àwọn ìwé náà fúnra wọn. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tí ó gbóná nínú rẹ̀ ni ó sì ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ìwé tí ó sọ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1989. Àwọn tí wọ́n wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún náà ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí tàbí kí wọ́n ti kọjá rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ wo ibi tí a bá ara wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí ó ń fi èdè abínibí kọ́ni ni ìjákulẹ̀ ti pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ó jókòó ṣe WAEC ní 2025 ti jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ìlànà 2022 tó wáyé. Lóòótọ́, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 ti sọ ṣáájú pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ìlú wa mọ̀ pé orí ìwé ni ìlànà náà sùn sí. A kò lo òògùn, a wá ní òògùn ni ó pa aláìsàn.

N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Nínú ìdánwò JAMB, ogójì ìbéèrè ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ṣùgbọ́n ọgọ́ta ni ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọmọ tí ó lè yẹ̀ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ìwé ìtàn kan kún un. The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ ni ti ọdún 2025. Mo bi àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún náà bí wọ́n ṣe gbádùn rẹ̀ sí. Púpọ̀ nínú wọn kò fojú kan ìwé náà. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ sí ni wọ́n rà, wọ́n sì há a sórí.

Mo ní kí ọmọbìnrin oníṣẹ́ ọ̀gbìn náà wá ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá dí i lọ́nà sí apá kan, kí ó wá Yorùbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí lọ́wọ́ mi, kí ó kọ ọ́ sí apá kejì. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi wá kí mi. Ó jókòó, ó ní, ‘Dókítà, ẹ má bínú o. Ṣé Yorùbá ni ẹ fẹ́ kí ọmọ mi lọ kọ́ ní Yunifásítì ni?’ Mo mú ìwé náà, mo fi hàn án. Ó kà á lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dé orí ṣàṣà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa òwe náà fún mi dé ìdí. Ó ní ó yé òun, pé àbúrò ọmọbìnrin náà tí ó wà ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun ń rò báyìí, nítorí owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sọ ọ́ kí wọ́n fi òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní òun gan-an ni òun dá ìmọ̀ràn náà ní ìpàdé àwọn òbí.