Egbò Orin Àta àti Ọmọ Wa Tó Ń Kọ́ Kẹ́mísírì

Láti ìgbà tí ọmọbìnrin wa àgbà ti wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ ni àwọn aládùúgbò wa ní Ìgàndó ti ń bi wá pé kí ló ń kọ́. Bí a bá dáhùn pé kẹ́mísírì ni, wọ́n á ní, "Ṣé kẹ́míkà ló fẹ́ máa tà ni?" Àwọn kan a tilẹ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yí i sí iṣẹ́ dókítà. A máa ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n àwa mọ ohun tó gbé e dé ìdí ẹ̀kọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni.

Àwa òbí méjèèjì, AS ni wá. AS ni ọmọbìnrin yìí náà, ṣùgbọ́n SS ni àbúrò rẹ̀. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń múra ìgbéyàwó, ìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń béèrè ìwé ẹ̀jẹ̀ rèé: bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS.) Ẹni tó bá ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ bí òru ṣe máa ń gùn tó nígbà tí eegun bá ń ro ó. Àwọn àgbà kò ṣèèṣì pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọmọ wa fi ṣàlàyé àìsàn náà fún wa. Ó ní himoglóbìn ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú kiri inú ẹ̀jẹ̀, ó sì dà bí okùn tí a sín ìlẹ̀kẹ̀ sí. Oríṣi okùn kan nínú rẹ̀ ní ẹyọ 146. Lára ọmọ SS, ẹyọ kẹfà nìkan ló yàtọ̀. Èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ fẹ́ràn omi. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ń sá fún omi bí òróró. Bí himoglóbìn bá ti já afẹ́fẹ́ sílẹ̀ tán, ibi tó ń sá fún omi yìí á lẹ̀ mọ́ òmíràn, wọ́n á so pọ̀ di ọ̀pá gígùn, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí róbótó á sì tẹ̀ bí dòjé. Dòjé kò lè gba inú iṣan tóóró kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìrora dé nìyẹn. Ẹyọ kan nínú 146!

Lẹ́kùlẹ́já kan ní ọjà Ìkòtún ní kí a máa se egbò orin àta fún ọmọ náà. Àwọn ará kan ní onígbàgbọ́ kì í mu àgbo. A gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ọmọ wa, ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, Mọ́mì, wọ́n ti ṣèwádìí orin àta kí ẹ tó fẹ́ra yín."

Òótọ́ ni. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti Isaacs kọ ọ́ jáde pé omi egbò orin àta ń mú ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà bọ̀ sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní 1975, Donald Ekong àti Joseph Okogun ti Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Nature nípa ohun kan tí ìwádìí egbò náà bí, tí wọ́n pè ní DBA. Títí di òní, DBA kò di oògùn tí a ń rà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ọmọ wa ti wúlò gan-an nìyẹn. Egbò kan kì í ṣe oògùn kan. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, wọ́n á kán díẹ̀ sórí pátákó pẹlẹbẹ kan, àwọn ohun inú rẹ̀ á sì máa gun òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí àró ṣe máa ń ràn lára aṣọ tútù. Wọ́n á wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwọ wo lò ń ṣiṣẹ́? Mélòó ni a ó lò? Kí lo ń ṣe fún ẹ̀dọ̀? Ní tiwa, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú egbò tí Ọlọ́run dá. Ohun tí a kò lè ṣe ni kí a bu ohun tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ọmọ wa mu.

Hydroxyurea ni dókítà kọ fún un, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Kì í ṣe inú egbò ni wọ́n ti rí i. Ní 1869 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì. Átọ́ọ̀mù 9 péré ló ní. Ó ń mú kí ara tún máa ṣe irú himoglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún. Ní 1998 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún àwọn àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí.

Ọmọkùnrin wa ṣírò rẹ̀: ọdún 129. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí rẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tó ń bọ̀ ná.